Èmi Ni Mo Pe Àbúrò Mi Lólè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Èébú tọ́ sí mi. Ó ti tó ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, àmọ́ àbúrò mi ti wá ń gba ẹ̀bi mi lé ara rẹ̀ lórí, mi ò sì lè gbé e mọ́.

Ọmọ Iléṣà ni wá. Òṣogbo ni mò ń gbé, Àbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí ìyá wa kú, èmi ni mo mú Délé sọ́dọ̀. Àrùn ọpọlọ ló ń ṣe é, ó máa ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́. Wèrè dùn ún wò, kò dùn ún bí lọ́mọ. Ẹ bi mí léèrè. Mo ti ti ara mi mọ́ ilé ìwẹ̀ sùn rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kọ oògùn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó yá, mo fẹ́ fi tipá kì í sí i lẹ́nu. Ó fa ọmọ odó yọ, ó là á mọ́ mi léjìká, ó sì sá jáde. Mo sá tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà lójú títì, níbi tí wọn ò ti mọ̀ wá. Mo ké sí wọn pé kí wọ́n bá mi dì í mú, ara rẹ̀ ò yá.

Ọ̀kan nínú wọn pariwo: "Wèrè ni o! Ẹ yà fún un!" Gbogbo wọn sá sẹ́yìn.

Inú bí mi. Mo figbe ta: "Olè! Ẹ mú un, olè ni!"

Wọ́n mú un. Igi, irin, bàtà. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Mo lè sọ pé àbúrò mi ni, mi ò tètè sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, èyí tó burú jù nìyí: ó dùn mọ́ mi nínú. Mo ní kí wọ́n bá mi lù ú díẹ̀. Ìgbà tí ẹnì kan fi irin gún un lójú ni mo tó bọ́ sáàárín wọn. Ojú òsì fọ́.

Nílé ìwòsàn, Délé sọ fún dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ rẹ̀ pé òun gbọ́ ohùn mi, pé èmi ni mo pe òun lólè. Dókítà wò mí. Mo ní, "Irú ohùn tó máa ń gbọ́ náà ni, sà." Wọ́n fi kún oògùn rẹ̀.

Ara rẹ̀ ti balẹ̀ báyìí. Ó ń lo oògùn fúnra rẹ̀, torí ó ti gbà pé irọ́ ni àwọn ohùn náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú mi. "Àǹtí mi, ẹ forí jì mí. Mo parọ́ mọ́ yín lọ́dọ̀ dókítà. Àìsàn ni."

Mo ní mo ti forí jì í.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá sọ òótọ́, ó lè ní òótọ́ ni gbogbo ohùn yòókù, kó sì da oògùn nù. Tí mo bá dákẹ́, ojú kan tó kù yẹn ni yóò fi máa wò mí, tí yóò máa bẹ̀ mí.