Ìgò Méjì Tí Mo Gé Orúkọ Wọn Kúrú

Ẹ yé yìn mí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ibi iṣẹ́ wa. Inú ń bí mi bí ẹ ṣe ń tò wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, tí ẹ ń pè mí ní olóòótọ́ tó ṣọ́ yàrá kẹ́míkà fún ọgbọ̀n ọdún. Irọ́ ni! Dókítà ní ọjọ́ mi kò pọ̀ mọ́, n kò sì ní gbé eléyìí wọ sàréè.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́. Fúnra mi ni mo fi ìwé kọ́ bí a ṣe ń sọ kẹ́míkà tó ní mẹ́táàlì láàárín lórúkọ: kọ́kọ́ ka àwọn tó so mọ́ mẹ́táàlì náà, dárúkọ mẹ́táàlì fúnra rẹ̀, kí o sì fi nọ́ńbà agbára rẹ̀ parí. Ó dùn mọ́ mi bí ìgbà tí bíríkìlà bá ń to bíríkì. Ìgbéraga wá wọ̀ mí lára bí ẹ̀wù. Ọmọbìnrin kan dé síbi iṣẹ́ wa, Ọmọ Ìwé là ń pè é. Ó ń fi mẹ́táàlì kan tó ń jẹ́ pilatínọ́ọ̀mù ṣe oògùn jẹjẹrẹ. Ó kó ìgò méjì fún mi pé kí n lẹ orúkọ mọ́ wọn, mo sì kọ ọ́: amóníà méjì, kiloráídì méjì, pilatínọ́ọ̀mù, nọ́ńbà rẹ̀ méjì. Ó bú sẹ́rìn-ín níwájú gbogbo èèyàn. "Bàbá Ìgò, orúkọ yín ò tíì délé o! Sísì lọ̀kan, kiloráídì méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tíránsì lèkejì, wọ́n wà lódìkejì ara wọn. Ọ̀kan ń pa jẹjẹrẹ, ìkejì ò lè pa eṣinṣin." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ara mi gbóná. Èmi tí mo ti ń lẹ àkọlé kí wọ́n tó bí i! Orúkọ kúkurú kan náà ni mo lẹ̀ mọ́ ìgò méjèèjì.

Nígbà tó ní kí n mú sísì wá, èyí tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà ni mo gbé fún un. Oògùn náà kò ṣiṣẹ́. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ wa ní irọ́ ni Ọmọ Ìwé ti ń pa látẹ̀yìnwá pé oògùn òun ń pa jẹjẹrẹ. Lọ́jọ́ Ajé, mo yọ́ da kẹ́míkà tí a fi ń dá wọn mọ̀ sí ìyókù inú ìgò náà láti dán an wò. Sísì ìbá pọ́n rúsúrúsú. Hóró funfun ló rọ̀ sílẹ̀. Tíránsì ni mo fún un, mo sì ti wá mọ̀! Mo ya àkọlé kúkurú, mo lẹ èyí tó pé, tó ní tíránsì nínú, mọ́ ọn kó lè dà bíi pé òun ni kò ka àkọlé, mo fi eruku ra á kó lè dà bí ògbólógbòó. Ìkà onísùúrù! Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀gá bi mí: "Bàbá, ṣé bí àkọlé yìí ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá." Ọmọ Ìwé ní, "Bàbá, ẹ wò mí lójú kí ẹ tún un sọ." Bàtà mi ni mo ń wò. Wọ́n lé e kí oòrùn tó wọ̀.

Mo ránṣẹ́ pè é lánàá. Kò síbi ìwádìí tó gbà á mọ́ látìgbà náà. Mo jẹ́wọ́, kò bú mi. "Ọjọ́ wo lẹ dán an wò?" Mo ní ọjọ́ Ajé. Ó fi ìka kà á. "Ọjọ́ mẹ́ta gbáko lẹ ní láti sọ òótọ́, Bàbá." Ó dìde, ó lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti tún àṣìṣe mi ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ló ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Kí ẹnì kan nínú yín kọ ohun tí mo sọ yìí sílẹ̀, kí n tẹ̀ka sí i, kí ẹ gbé e fún ọ̀gá lónìí. Ẹ bá mi bẹ Ọmọ Ìwé. Ṣùgbọ́n títí yóò fi dáhùn, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má sọ pé òun ti forí jì mí.