Orúkọ Tí Wọ́n Sin Mọ́ Délé

Níbi tí a tò sí nídìí ẹ̀rọ ata ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin méjì tí wọn ò mọra rí.

Èyí àgbà ní, "Látìgbà tí ọmọ mi kan ṣoṣo ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí ní Ìyá Délé mọ́. 'Màmá' lásán ni. Àánú ni wọ́n ń ṣe mí o, ṣùgbọ́n wọ́n ti sin orúkọ mi mọ́ Délé."

Ìkejì ní, "Ẹ ò wá sọ fún wọn, mà?"

"Kí wọ́n lè ní orí mi ti dàrú? Èmi gan-an ti ń rò ó pé bóyá mi ò bímọ rí."

Nígbà tó ṣe, ìkejì lọgun lójú gbogbo wa: "Ìyá Délé! Ẹ gbé ata yín wá, ó kàn yín o!"

Háà! Obìnrin tó ti ká kò bí ìgbín nàró ṣánṣán. "Òo! Èmi rèé!" Ẹ̀rín lẹ́nu, omi lójú. Kíá, ẹlẹ́rọ náà gbà á: "Ìyá Délé, ṣé kó kúnná dáadáa?"

Ẹnu wa lásán ló jí i dìde.

Folúkẹ́ ni ọmọ tèmi tó lọ. Bí ẹ bá rí mi lọ́nà, Ìyá Folúkẹ́ ni kí ẹ pè mí.