Rọ́bà Ẹsẹ̀ Mọ́tò Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Ṣe

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi tí mi ò lè gbé mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri, kò sì wúwo bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ká sòótọ́, mo ń gbádùn rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ti wá kan ẹ̀mí ìyàwó mi báyìí, oorun ò sì kùn mí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó bú mi.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Àkúrẹ́. Ìwé ni mò ń gbé láti tábìlì kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n Oǹdó ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi sì ń pọ́n ayùn ní sọ́mìlì níbẹ̀ títí tó fi kú. Ọwọ́ mi mọ irin kí ó tó mọ bírò. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé mo kàn dìde lọ́jọ́ kan tí mo ń fi mọ́tò ṣeré.

Ìyàwó mi ń kọ́ni ní ilé ìwé kan ní Oǹdó. Òun ló máa ń wa mọ́tò wa lọ, tó sì máa ń wà á bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ojú ọ̀nà yẹn mọ ohun tí kòtò ń fojú ẹsẹ̀ mọ́tò rí. Rọ́bà kan wà níbi tí irin ẹsẹ̀ mọ́tò ti so mọ́ ara mọ́tò, òun ló ń gba ìyà kòtò kí ó má baà dé ara ẹni tó jókòó. Bọ́ṣìn ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Tiwa ń jẹ lemọ́lemọ́. Tòkunbọ̀ kì í pẹ́, tuntun gbówó lórí, ayédèrú ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń pè ní tuntun.

Mo ní ṣé kí n máa sin owó oṣù mi sínú kòtò ni? Ní sọ́mìlì tí bàbá mi ti ṣiṣẹ́, bẹ́líìtì àtijọ́ tí wọ́n yọ lára ẹ̀rọ ìlagi wà nílẹ̀. Rọ́bà àti aṣọ ni wọ́n pa pọ̀ fi ṣe é. Ó le, síbẹ̀ ó máa ń tẹ̀ díẹ̀. Mo gé e róbótó róbótó, mo tò ó léra, mo sì lù ú wọ inú òrùka irin tí mo fi fáìlì tí bàbá mi fi ń pọ́n ayùn ha títí ó fi ń kọ mọ̀nà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀. Nígbà tí mo fi í sí mọ́tò wa, mọ́tò náà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Gbogbo kò-kò-kò tó ń dún lábẹ́ rẹ̀ tán. Ó ti ju ọdún méjì lọ báyìí, rọ́bà náà ò sán, kò fẹ̀, kò jẹ. Mo máa ń wọ abẹ́ mọ́tò náà lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, kí n kàn lè wò ó.

Ohun tí mo ṣe tí kò dáa ni pé mo parọ́. Ìyàwó mi ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun ò ní gun mọ́tò tí mo bá fọwọ́ ara mi gbẹ́ ẹsẹ̀ fún, pé ẹni tó ń de táì lọ síbi iṣẹ́ kò gbọdọ̀ máa bá rọ́bà jìjàkadì. Nítorí náà, mo ní Èkó ni mo ti ra ojúlówó. Bí mo bá fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà lẹ́yìn ilé bàbá mi ní Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé, màá ní Èkó ni mò ń lọ. Ó gbà mí gbọ́. Ó tiẹ̀ ń fi mí ṣe fọ́ńté láàárín àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀, pé ọkọ òun kì í ra ohun tí kò dáa.

Ọ̀kan nínú wọn ni Mọ́mì Kẹ́mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní Ọ̀bà-Ilé. Mọ́tò ńlá elérò méje ni tirẹ̀. Ó bẹ̀ mí kí n bá òun ra irú rọ́bà náà bọ̀ láti Èkó. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sòótọ́. Ìyìn ni kò jẹ́.

Bẹ́líìtì sọ́mìlì ti tán lọ́wọ́ mi. Ilé ìwé sì fẹ́ wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo gé táyà ọkọ̀ akẹ́rù, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, mi ò sì jẹ́ kí gọ́ọ̀mù náà gbẹ dáadáa. Mo wá páálí òfìfo lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, mo tò wọ́n sínú rẹ̀, mo sì fi ọ̀rá wé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, owó ojúlówó ni mo gbà. Mẹkáníìkì rẹ̀ fi í sí mọ́tò. Obìnrin náà gbàdúrà fún mi, mo sì ṣe àmín.

Ọ̀kan ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i, mo bá rì í sínú ọ́ìlì mọ́tò láti dán an wò. Nígbà tí mo máa yọ ọ́, rọ́bà ti bọ́ kúrò lára irin bí èèpo ẹ̀pà sísè. Bí irú rẹ̀ bá bọ́ lórí eré, mọ́tò lè yà wọ igbó kí ẹni tó ń wà á má rí i dá dúró.

Ẹ̀rù bà mí. Mo wá bẹ́líìtì gidi ní sọ́mìlì mìíràn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òmíràn fún un. Mo rò pé màá rí irọ́ kan pa tí màá fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá ń gé rọ́bà, tó tún ń fi iná sí i, eruku àti èéfín máa ń dì sí i láyà. Mílíìkì agolo la máa ń mu láti fi fọ̀ ọ́ dànù, bí àwọn tó ń kun mọ́tò ṣe máa ń ṣe. Nítorí náà, màá ra mílíìkì àti búrẹ́dì lọ́wọ́, màá wọlé, màá sì tilẹ̀kùn.

Mọ́mì Kẹ́mi lọ síbi òkú ní Oǹdó ní Sátidé kan, ó sì rí mi. Ó rí mílíìkì, ó rí ilẹ̀kùn tí mo tì, ìyàwó mi sì ti sọ fún un pé Èkó ni mo lọ. Mi ò dá a lẹ́bi. Bí ó bá jẹ́ èmi náà, ohun tó rò ni ǹ bá rò.

Mo délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi ò kí mi káàbọ̀.

Ó ní, “Dádì Dáre, kí lorúkọ ọmọ náà?”

Mo ní, “Ọmọ wo?”

“Ọmọ tí ẹ ń ra mílíìkì fún l’Óǹdó.”

Mo ní kò sí ọmọ kankan. Ó béèrè ohun tí mo wá ń ṣe níbẹ̀ tí mo fi tilẹ̀kùn mọ́rí. Ọ̀rọ̀ rọ́bà wà lẹ́nu mi. Mi ò lè sọ ọ́. Mo ń rò ó pé ojú wo ló máa fi wo àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní òun ò gun mọ́tò onírọ́ mọ́. Ó kó lọ sọ́dọ̀ Mọ́mì Kẹ́mi ní Ọ̀bà-Ilé, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń lọ sí Oǹdó láràárọ̀ nínú mọ́tò elérò méje yẹn. Mọ́tò tí rọ́bà rẹ̀ dára jù ní gbogbo Àkúrẹ́ wà lójúde mi, kò sẹ́ni tó ń gùn ún. Ìyàwó mi wá wà nínú èyí tí mo fi gọ́ọ̀mù tútù lẹ̀.

Mo pè é, kò gbé e. Mo lọ síbẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yẹ ẹsẹ̀ mọ́tò náà wò. Mọ́mì Kẹ́mi rò pé mò ń bínú torí pé ó tú mi fó. Ó ní, “Dádì Dáre, ẹ lọ tún ilé yín ṣe ná. Mọ́tò tèmi ò ní nǹkan kan tó ń ṣe é.” Ìyàwó mi ò tiẹ̀ jáde sí mi. Mi ò sọ ìdí rẹ̀, mo sì padà sílé. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Òní ni ọjọ́ Àìkú. Rọ́bà tuntun ti parí, ó wà nínú búùtù mi pẹ̀lú jáàkì. Iṣẹ́ náà dára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mi ò tíì ṣe irú rẹ̀ rí. Kí wọ́n tó gbéra lọ́la, màá ti dúró sẹ́nu géètì wọn, mọ́tò yẹn kò sì ní jáde. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ ìyàwó yín rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ sì bá mi bẹ̀ ẹ́.

Mo mọ̀ pé bí mo bá ti lanu báyìí, wọ́n á pe gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ mi ní ayédèrú, àti èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa. Kí n má tàn yín, bó bá jẹ́ tèmi nìkan ni, ǹ bá kúkú gbà pé mo bímọ síta, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n tọrọ àforíjì, kí orúkọ rọ́bà mi má baà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ló máa jókòó síwájú mọ́tò náà láàárọ̀ ọ̀la.