Ọ̀dà Tí Mi Ò Họ Kúrò

Ẹ̀yin tí a jọ ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ṣúgà létí odò Náílì, dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀. Kó tó dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti fi sábẹ́ ahọ́n fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ṣásílì kọ́ ló jẹ́ kí ẹ̀rọ tí a fi ń fún ìrèké jóná. Èmi Fikrí ni.

Ẹ rántí pé èmi ni mò ń wọn ooru ara ẹ̀rọ. Irinṣẹ́ náà dùn mọ́ mi púpọ̀: wáyà méjì tí irin wọn yàtọ̀ síra, tí wọ́n jó pọ̀ lẹ́nu ọ̀pá. Ibi tí wọ́n ti pàdé ló ń mọ ooru, àpótí kékeré kan á sì sọ ọ́ di nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n ooru ara tirẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó sọ ti irin, ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan irin gan-an, kó dúró ṣánṣán, kí ẹ sì ní sùúrù títí nọ́ńbà kò fi ní yí mọ́. Ìdọ̀tí, afẹ́fẹ́, ọ̀dà, gbogbo wọn ló ń mú un purọ́. Mo mọ èyí dáadáa. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Lọ́dọọdún, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìrèké, a máa ń fi ọ̀dà fàdákà kun gbogbo ẹ̀rọ nítorí àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá ṣí iṣẹ́. Ọdún mẹ́jọ ni ọ̀dà ti ń gun ọ̀dà lórí àwọn béárìn, irin tí ìdí ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀. Ó yẹ kí n họ ojú kékeré kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ní, "Fikrí, má ba ẹwà ẹ̀rọ mi jẹ́ o!" Mo gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tí àlejò lọ tán ńkọ́? Ọ̀lẹ ni mo ya.

Ṣásílì tó ń bu epo sí béárìn, ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó pè mí lọ́jọ́ kan: "Fikrí, lánàá mo gbọ́wọ́ lé béárìn yìí, mo ka dé mẹ́fà kó tó jó mi. Lónìí mi ò ka dé méjì."

Mo gbé ọ̀pá lé ọ̀dà. "Ọ̀kanlélọ́gọ́ta péré. Ṣé ọwọ́ yín wá gbọ́n ju ẹ̀rọ ni?"

Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọwọ́ mi ti dàgbà ju ẹ̀rọ ẹ lọ, ọmọ yìí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, béárìn náà gan, epo rẹ̀ gbaná. Ṣásílì ló kọ́kọ́ sáré débẹ̀. Iná jó ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé e lọ tán, mo wọn béárìn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀dà: méjìdínlọ́gọ́ta. Mo fi ọ̀bẹ họ ọ̀dà náà dé irin, mo tún un wọn: mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ó yẹ kí n ké síta. Dípò bẹ́ẹ̀, mo họ gbogbo èyí tó kù, mo fi epo dúdú pa ojú wọn kó lè dà bíi pé ó ti pẹ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó wá wádìí iná náà dé, mo ní, "Ẹ wo ojú ibi tí mo máa ń gbé e lé. Ẹni tó yẹ kó bu epo ni kò bu ú." Mo sì búra. Wọ́n lé Ṣásílì.

Ní Jímọ̀ tó kọjá mo lọ sílé rẹ̀. Naíma ìyàwó rẹ̀ gbé tíì wá. "Fikrí, ìwọ àti òjò, èwo ló ṣọ̀wọ́n jù nílùú yìí?" Mi ò lè mu ún. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ṣásílì ń wo àpá ọwọ́ rẹ̀. "Ṣé ó dá ẹ lójú pé ọ̀dà ni?"

"Ó dá mi lójú, ẹ̀gbọ́n."

"Mo rántí pé mo bu epo sí i láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo èèyàn ní mi ò bu ú, èmi náà wá ń rò pé mo gbàgbé." Ó dìde. "Naíma! Naíma! Mo bu ú!"

Naíma dáhùn láti ilé ìdáná: "Kí ni mo ti ń sọ fún ẹ látọjọ́ yìí?"

Ṣásílì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá kọjú sí mi: "Ìwà burúkú lo hù, Fikrí. Lọ sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mu tíì ẹ ná."

Mo mu ún. Mo sùn bí ọmọdé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ họ ọ̀dà kí ẹ tó wọn ohunkóhun, bí ọwọ́ àgbà bá sì ní ó gbóná, ẹ tún un wọn. Ẹ̀yin tó kù, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, ẹ má pè é ní Gbàgbé-epo mọ́. Ṣásílì lorúkọ rẹ̀.