Láfún Inú Kabúrétọ̀

Nígbà tí ojú mi ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́, èmi ni gbogbo ará Aké ń gbé sikútà wá bá. Ẹ̀yin ò mọ sikútà. Alùpùpù ni, àmọ́ kì í ṣe bí ọ̀kadà yín yìí. Táyà rẹ̀ kéré, ó ní ibi ìtẹ́sẹ̀ níwájú, obìnrin lè wọ yẹ̀rì gùn ún láìsí wàhálà. Àwọn tíṣà, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn akọ̀wé… àwọn ló ń gùn ún.

Ràṣídì, jókòó ná. O ní ọ̀kadà rẹ ń kú tó o bá ti fẹ́ dúró, mẹkáníìkì Òkè-Ìlèwó sì ní kó o kàn yí síkúrù sìlóò sókè, kí ẹ̀rọ má bàa kú ní ìdúró. Mo gbọ́. Èmi náà yí i rí.

Ìyá Nọ́ọ̀sì kan wà nígbà náà, agbẹ̀bí ni wọ́n. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n, Mùsùlùmí ni wá, síbẹ̀ ọwọ́ wọn ni bàbá yín bọ́ sí. Sikútà ni wọ́n ń gùn lọ sí àwọn abúlé ọ̀nà Ìtòrí. Èmi ni mò ń tún un ṣe, èmi náà ni mò ń po epo rẹ̀. Ẹ gbọ́, nígbà yẹn, ńṣe la máa ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù, a ó wá fi aṣọ sẹ́ ẹ nítorí ìdọ̀tí.

Aláró ni ìyá mi. Adìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń ṣe. Wọn a fi ẹ̀kọ láfún ya àrà sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Lọ́jọ́ kan, n ò rí aṣọ tí mo fi ń sẹ́ epo. Mo fa àkísà kan yọ lórí okùn ìyá mi, mo fi sẹ́ ẹ. Ẹ̀kọ ti gbẹ mọ́ ọn lára. N ò wò ó. Ta ló ń wo àkísà?

Ó di ọjọ́ kẹta, Ìyá Nọ́ọ̀sì dé. Wọ́n ní, "Múfú, ó ń sáré dáadáa lójú ọ̀nà o, àmọ́ tí mo bá ti fẹ́ dúró, ó ń kú. Obìnrin kan ń rọbí lábúlé, wọ́n sì ń dúró dè mí."

Tó bá ń sáré dáadáa, tó wá ń kú ní ìdúró, jẹ́ẹ̀tì kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kabúrétọ̀ ló dí. Ihò rẹ̀ ò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ súrà Fátíà. Kí n tú u, kí n fọ̀ ọ́, kí n fẹnu fẹ́ ẹ, kí ló fẹ́ gbà? Àmọ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo ti wẹ̀, mo ti wọ aṣọ funfun, n ò fẹ́ kí epo kàn mí. Mo yí síkúrù sìlóò sókè, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo ní, "Ó ti dáa, mà."

Wọ́n ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú. Nínú aṣọ ìrun ni mo ti pa irọ́ yẹn.

Ṣé ariwo ń ṣí ihò tó dí ni? Wọ́n dé ìdajì ọ̀nà, màlúù ń kọjá, wọ́n dúró díẹ̀. Ó kú. Wọ́n fẹsẹ̀ ta á títí, kò dáhùn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rin ìyókù, pẹ̀lú báàgì lórí. Ìyá ọmọ yè. Ọmọ… ọmọ ò yè.

Lọ́jọ́ kejì, mo tú kabúrétọ̀ náà lójú wọn. Nǹkan funfun wà nínú jẹ́ẹ̀tì. Mo fi ìka ra á. Láfún ni. Láfún ìyá mi.

Wọ́n ní, "Kí lo rí, Múfú?"

Mo ní, "Ìdọ̀tí lásán ni, mà."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ ni. Má da ara rẹ láàmú." Ẹ wo ẹni tó ń tù mí nínú.

Àìmọye ìgbà ni mo lọ sílé wọn láti jẹ́wọ́. Màá ní ẹ kú ilé, wọn á bu omi fún mi, màá mu ún, màá padà sílé. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ò bá mi, torí mo ń sá fún un.

Oṣù tó kọjá, a sin Ìyá Nọ́ọ̀sì. Mo lọ kí àwọn ọmọ wọn. Ọmọbìnrin tó dàgbà jù nínú wọn wá ní, "Bàbá, ìkókó kan kú lábúlé kan, màmá ò gbàgbé rẹ̀ títí wọ́n fi kú. Wọ́n ní àwọn ni àwọn ò tètè kúrò nílé lọ́jọ́ náà."

Ẹ gbọ́ o. Àwọn ni àwọn ò tètè kúrò nílé… Gbogbo ọdún yẹn, wọ́n ń ru ẹrù mi, n ò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún wọn. Ó dùn mí. Ó ń dùn mí báyìí tí mò ń sọ ọ́.

Ayé yín rọrùn. Kabúrétọ̀ tuntun kún ọjà, ẹ ó ju ti àtijọ́ nù, ẹ ó ra òmíràn. N ò bá yín jà. Àmọ́ Ràṣídì, ọ̀kadà yìí lo fi ń gbé ìyàwó rẹ lọ gba abẹ́rẹ́ aboyún, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Tó o bá ti yí síkúrù yẹn, yí i padà sí ibi tó wà. Gbé ọ̀kadà náà wá síbí, kó o tú u lójú mi. Tó o bá rí ohun tó dí i, sọ orúkọ rẹ̀ fún mi.

Lẹ́yìn náà, wàá bá mi dé ilé Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ọmọbìnrin wọn ṣì wà níbẹ̀, màá sọ ti láfún fún un.