Ihò Omi Òjò Lábẹ́ Òrùlé Ìyá Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí mo ti ń kọ ìwé yìí, omi òjò ń kán sínú abọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, òmíràn sì ń kán sórí àpótí tí mo tọ́jú ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ Mọ́dàn mi sí. Ìyá mi wà ní yàrá kejì, ó ń wọ́ ẹní rẹ̀ kúrò níbi tó ti tutù lọ síbi tí kò tíì tutù. Kò bá mi wí. Bó bá tilẹ̀ bá mi wí, ara ìbá tù mí díẹ̀. Èmi tí n kò lè wo ojú ènìyàn sọ̀rọ̀, èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ ìlú yìí jẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ni mo sì fi ṣe é.

Ìlú wa kò jìnnà sí Okitipupa. Ọdún tí ogun abẹ́lé parí ni ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ wọ ìlú, ìjọba ló rán an láti máa kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ń dáko. Tísà Oko ni gbogbo wa ń pè é. Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wá sí oko ìyá mi. Opó ni ìyá mi, púpurú tí a ń fi gbágùúdá ṣe ló ń tà, ó sì ti gba ọgọ́ta ọ̀pẹ ìjọba, irú èyí tí kì í ga kó tó so. Tísà Oko kì í dúró lókèèrè kó máa pàṣẹ. Á ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ wo bí kòtò ti jìn tó. Mo tún ṣàkíyèsí pé kì í jókòó lórí àpótí tí a bá gbé fún un, àfi bí ìyá mi bá kọ́kọ́ jókòó. Ìyá mi a máa sọ fún un pé, "Tísà, ọ̀pẹ wọ̀nyí ni yóò rán ọmọ mi yìí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kú mọ́ mi lọ́wọ́ o." Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìyá, bí òyà kò bá kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ẹ̀yin lẹ óò jẹ ẹ́." Ó ti ṣèlérí pé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, òun yóò fi hàn wá bí wọ́n ti ń fi wáyà yí ìdí ọ̀pẹ kéékèèké po, nítorí ìgbà tí koríko bá gbẹ ni òyà máa ń yíjú sí wọn.

Ìgbà tó yá, ìjọba ní àwọn kò lè san owó oṣù rẹ̀ mọ́, kí káńsù wa máa san án. Káńsù pe ìpàdé sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà. Wọ́n ní àwọn kò ní í fi kún owó-orí ènìyàn, nítorí ìjà tí àwọn àgbẹ̀ bá ìjọba jà lórí rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Ilé ni àwọn yóò gbowó lé. Onílé páànù yóò máa san lọ́dọọdún, onílé ewé kò ní í san nǹkan kan, owó náà la ó sì fi mú Tísà Oko dúró. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ ìyá mi ni mo gbọ́ kẹ́yìn.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo ti oko dé, mo bá ìyá mi lórí òrùlé. Ó ń tẹ́ ewé ògùrọ̀ sórí páànù tí bàbá mi fi bo ilé kó tó kú! Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní ooru páànù ti pọ̀ jù. Nígbà tí a ń jẹun ló tó wí pé, "Ilé kan ṣoṣo ni tèmi. Onílé páànù pọ̀ nílùú yìí. Wọn óò san án pé." Mo kàn ń yí òkèlè mi nínú ọbẹ̀ ni.

Nígbà tó di àkókò àtika ilé, akọ̀wé káńsù kan wá láti Okitipupa. Àjèjì ni, kò mọ ilé ẹnì kankan, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa. Torí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, èmi ni wọ́n ní kí n máa mú un kiri, kí n sì máa kọ irú òrùlé ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ wò ó, bí òjò bá rọ̀ sórí páànù, ojú kan náà ni omi máa ń kán sí lójoojúmọ́, yóò sì gbẹ́ ihò kéékèèké sínú yanrìn abẹ́ etí òrùlé, wọn yóò tò bí ìlà ìwé. Ilé ewé kì í ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Mo ti mọ èyí láti kékeré, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà wa, ìyá mi kúnlẹ̀ kí akọ̀wé, ó gbé omi fún un. Omi ṣì ń gba abẹ́ ewé sàn sí etí páànù, àwọn ihò náà sì wà nílẹ̀ gbangba. Bí akọ̀wé ti gbé ojú sókè láti mumi, mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún pa wọ́n rẹ́. Ó bi mí pé, "Ilé yìí ńkọ́?" Mo ní, "Ewé ni, sà."

Ìyá Bọ́lájí aládùúgbò wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń bẹ gbágùúdá. Ó rí ẹsẹ̀ mi. Kò pariwo. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé ti lọ jẹun ọ̀sán, ó pè mí. "Akọ̀wé kékeré! Tèmi náà ń bọ̀ wá di ewé lọ́la o. Kí o má gbàgbé láti gbá ilẹ̀ fún mi." Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ti kún fún ewé ògùrọ̀, àwọn àgbàlagbà ń gun àkàsọ̀. Ta ni mo fẹ́ kọ páànù sí lọ́rùn? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Ewé, ewé, ewé ni mo kọ títí ìwé fi kún, àfi ilé àlùfáà nìkan.

Káńsù ní owó ilé àlùfáà kò lè bọ́ Tísà Oko. Àwọn ará Igbotako, ìlú tó wà nítòsí wa, san owó ilé tiwọn bó ti yẹ, ibẹ̀ ló sì gbà lọ. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó yà kí ìyá mi. Ó wo òrùlé wa, ó wo ilẹ̀, ó sì wò mí. Ó kàn ní, "Ẹ má gbàgbé wáyà o, Ìyá," ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìyá mi ra wáyà. A kò mọ bí wọ́n ti ń yí i. A dè é mọ́ igi ọ̀pẹ pinpin, àwọn kan sì gbẹ. A dẹ ìyókù sílẹ̀, òyà gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Nínú ọgọ́ta, mọ́kànlá ló kù. Ewé tí a tẹ́ sórí páànù náà gba omi dúró, ìpẹtà sì jẹ páànù bàbá mi bí ajere.

Káńsù ti tún kọ ìwé wá báyìí. Wọ́n ní bí owó bá pé lọ́tẹ̀ yìí, Tísà Oko lè padà. Akọ̀wé yẹn náà ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi náà ni wọ́n sì ní kí n tún mú un kiri. Ìyá mi kò tíì ká ewé náà kúrò. Ó ní kí àwọn ẹlòmíràn kọ́kọ́ ká tiwọn. Àwọn ẹlòmíràn ń wo ilé wa.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀wọ́. Ṣé kí n gun òrùlé ìyá mi lójú rẹ̀, kí n máa ju ewé sílẹ̀, èmi tí n kò lè sọ pé rárá fún un rí? Àbí kí n dúró títí akọ̀wé yóò fi bi mí ní ẹnu ọ̀nà wa? Òjò ti ń dá bí mo ti ń kọ èyí. Láti ojú fèrèsé mo rí àwọn ihò náà nínú yanrìn, wọ́n tún ti tò bí ti àtẹ̀yìnwá. Ìyá mi ti jáde síbẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ojú mi ló sì ń wò.