Ìyá Rísì Ní Kí N Má Fọwọ́ Kan Ẹyin Náà

Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ẹni tó bá rí mi lónìí, tó rí bí mo ṣe ń bá ọmọ-ọmọ mi rẹ́rìn-ín, á ní kò sí ìyá tó láyọ̀ tó mi ní gbogbo ìlú Òjó. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí láàárín ayọ̀ náà. Ìyá Rísì, tí a jọ gbé ilé kan náà ní Okokomaiko kó tó kó lọ sí Iba, kì í bá mi jà, kì í bú mi. Bí a bá pàdé ní Iyana-Iba, á kúnlẹ̀ kí mi, á béèrè ọmọ-ọmọ mi. Ó parí nìyẹn. Obìnrin tó jẹ́ pé bó bá se ẹ̀wà, èmi ló máa ń kọ́kọ́ bu fún! Mo fura sí i, mo sì jẹ́ kó mọ̀. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì í fura sí ni tàbí ìfura mi tọ́.

Ayé ìjọba sójà ni. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí rẹ̀ ni, mo ń jó kiri àgbàlá bí ẹni tó joyè. Mo ní mo fẹ́ sin adìẹ títí á fi pọ̀, kí ọmọ-ọmọ mi má wá ẹyin jẹ tì. Mi ò ní abo adìẹ, Ìyá Rísì ló ní. Ọmọ ìlú Òjó ni, ó ń ta ọkà tí wọ́n fi ń bọ́ ẹran ọ̀sìn ní ọjà Alaba Rago, kì í sí nílé lójúmọmọ, ló bá fún mi ní adìẹ rẹ̀ kan ní àgbàsìn. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: èmi ni màá tọ́jú adìẹ, bó bá pamọ, àwa méjèèjì a pín ọmọ rẹ̀. Èmi tí mo sìn ín ni màá pín in sọ́nà méjì, òun tó ni ín lá á kọ́kọ́ mú. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù tí kò ní ìkejì, tirẹ̀ ni, torí òun ló ni ìyá.

Adìẹ náà sàba dáadáa. Nígbà tó pamọ, méje jáde, ó kó wọn ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ìtẹ́, ó fi ẹyin kan sílẹ̀. Ọmọ inú ẹyin yìí ti lu ihò kékeré, mo ń rí ṣóńṣó ẹnu rẹ̀, mo ń gbọ́ igbe rẹ̀. Mo fi àkísà wé ẹyin náà, mo gbé e sínú páálí, mo tan lántánì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó máa móoru. Bó bá jáde, mẹ́rin mẹ́rin ni. Bó bá kú sínú, mẹ́ta ni tèmi, Ìyá Rísì á kó mẹ́rin. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi kanrí, ihò náà ò fẹ̀ sí i. Ó ń ṣe mí bíi kí n fi èékánná ṣí èèpo náà fún un.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ìyá Rísì ò lọ ọjà! Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹ̀yìn wo? Obìnrin tó ń ru àpò ọkà bí ẹni ru òwú!

“Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án o,” ló wí. “Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára awọ tó wà lábẹ́ èèpo yẹn. Tẹ́ ẹ bá ṣí i kí àsìkò ẹ̀ tó tó, ẹ ti pa á nìyẹn.”

Bí ẹlòmíì ló sọ ọ́, ǹ bá dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa jèrè bí ọmọ náà bá kú? Ó tún fa àpótí, ó jókòó ti páálí mi. Mo ní kó bá mi wo iná ààrò, ó ní Rísì ti wò ó. Mo ní kó lọ sùn, kó sinmi ẹ̀yìn tó ń dùn ún.

“Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, Màmá, kì í ṣe ojú. Ẹ jẹ́ n máa wòran.”

Igbe ọmọ adìẹ ń lọ sílẹ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé ńṣe ni Ìyá Rísì ń ṣọ́ ọ kó kú. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi: “Ìyá Rísì, tí eléyìí bá kú, ta ló máa mú ọ̀kan tó lé?”

Ó wò mí. “Haa! Màmá! Torí òròmọdìẹ kan?” Ó gbé ẹyin náà, ó fi lé mi lọ́wọ́. “Ó yá, ẹ ṣí i. Mi ò sọ nǹkan kan mọ́.” Ó wọlé, ó fa kọ́tìnì.

Ó yẹ kí inú mi dùn, àbí? Rárá o! Ìfura tún gba ibòmíì yọ. Ẹni tó ní màá pa á bí mo bá ṣí i, kí ló dé tó wá ní kí n ṣí i? Ṣé kó lè kú lọ́wọ́ mi ni, kí n má lè sọ̀rọ̀ nígbà tó bá kó mẹ́rin? Kọ́tìnì mì, mo ní ó ń yọjú wò mí. Bóyá atẹ́gùn ni. Mo fi èékánná ha èèpo náà, díẹ̀ tó kéré bíi hóró ìrẹsì já, ẹ̀jẹ̀ sì yọ tín-ín-rín. Mo yọ́wọ́ kíá, mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin àkísà, mo tún un wé, mo dá a padà sínú páálí. Kì í ṣe pé mo gba obìnrin náà gbọ́ o. Mi ò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ gbọ́, mi ò gba ti ìkejì gbọ́, ni mo bá káwọ́ gbera.

Nígbà tí wọ́n ń pèrun ìrọ̀lẹ́, èèpo náà là yíká, ọmọ adìẹ ta ẹsẹ̀, ó ṣubú síta pẹ̀lú omi lára. Mo pariwo, mo jó! Mo ké sí Ìyá Rísì. Ó yọjú, ó ní, “Ẹ kú oríire, Màmá,” ó padà wọlé.

Nígbà tí wọ́n lágbára tán, mo pín wọn mẹ́rin mẹ́rin. Èyí tó jáde kẹ́yìn yẹn ń fa ẹsẹ̀ kan díẹ̀. Ìyá Rísì wá mú tirẹ̀, kò tilẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò, ọ̀wọ́ tí arọ kékeré yẹn wà ló kó. Ó gbé ìyá wọn náà lọ, ó fún obìnrin mìíràn ní àgbàsìn. Ẹ ò gbàgbọ́ ohun tí mo ṣe: mo ń gbé mẹ́rin tèmi yí lójoojúmọ́, mo ń wá àrùn tó rí lára wọn tó fi sá fún wọn. Kò sí àrùn kankan. Gbogbo wọn dàgbà, ọmọ-ọmọ mi jẹ ẹyin títí ó fi sú u.

Ṣé ó ṣàánú mi ni, tó fi mú aláìlera yẹn? Àbí ó fẹ́ kí ojú tì mí? Ọmọ mi ní kí n gbé abo adìẹ kan lọ bá a ní Iba, kí n bẹ̀ ẹ́. Màá lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi: bó bá gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín, lójú ọ̀nà ni màá ti máa ronú pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gba oore lọ́wọ́ èèyàn láì gbé e yí wò lábẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi kí n tó wọkọ̀.